Ẹni Tó Bá Fẹ́ Gbé Idà, Kó Kọ́ Idà

Ẹ má ní èmi ni mo sọ ọ́ o. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní atẹ́gùn ló gbé e kọjá. Ọ̀rọ̀ ọmọ alágbẹ̀dẹ inú agboolé wa ni. Láàárọ̀ kùtù, kí ojúmọ́ tó mọ́ dáadáa, ọmọ yìí á ti wà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú ọ̀pá gígùn kan. Á fì í, á yí i, á fi gún afẹ́fẹ́, á fò sẹ́yìn, á tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Kò sẹ́ni tó ń bá a jà. Kò séjò nílẹ̀. Kò sí máńgòrò kankan lórí igi tó fẹ́ já.

Ìyá onírú ló kọ́kọ́ rí i. Ẹ̀yin náà mọ Ìyá onírú: ohun tí kò bá ṣojú rẹ̀, kò ṣẹlẹ̀ nìyẹn, èyí tó bá sì ṣojú rẹ̀, á ti di mẹ́ta kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ó sáré wá bá mi nídìí ìkòkò ẹ̀kọ, ó ní, "Ìyá ẹlẹ́kọ, ọmọ alágbẹ̀dẹ ti wẹgbẹ́ o." Mo ní ẹgbẹ́ wo? Ó ní èyí tí wọ́n ń wọ̀. Mo ní ṣé ó rí gbẹ́rẹ́ lára rẹ̀ ni? Ó ní òun ò sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Kí n tó ro ẹ̀kọ tán, ọ̀rọ̀ ti dé ìdí kànga, wọ́n ní ọmọ náà ti di tọ́ọ̀gì olóṣèlú. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ti pa èèyàn kan ní Ìlọrin. Ọmọ tó jẹ́ pé bí adìẹ bá wọ yàrá rẹ̀, ńṣe ló máa ń bẹ̀ ẹ́ kó jáde!

Ìyá rẹ̀ gbọ́, ó bú sẹ́kún. Bàbá rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ẹni tó ń fi òòlù sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́ kì í ní ọ̀rọ̀ ẹnu púpọ̀. Nígbà tó dalẹ́, wọ́n pe ọmọ náà sáàárín agboolé pé kó wá wí tẹnu ẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní: "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, kung fu ni o. Lílo nǹkan ìjà bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ń lò ó ni mò ń kọ́."

Ẹ gbà mí! Kung fu! Èmi tí mo ti gbọ́ kung fu kí wọ́n tó bí ìyá tó bí i.

Ẹ jẹ́ n yà síbì kan, n ò ní pẹ́. Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń lọ́kọ. Ọdún 1973 ni fíìmù Enter the Dragon jáde. Bruce Lee tó ṣe é kú ní July ọdún yẹn gan-an, fíìmù náà kò tíì dé Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ta ló ròyìn ikú fún àwọn ọmọkùnrin Ọ̀yọ́? Ní tiwọn, Bruce Lee wà láyé, ẹ̀yìn ọjà Akẹ̀sán ló sì ń gbé. Nígbà tí fíìmù rẹ̀ dé sinimá lọ́dọ̀ wa, gbogbo wọn ló lọ gé igi kéékèèké méjì, wọ́n fi ṣéènì kẹ̀kẹ́ so ó pọ̀, wọ́n ń fì í káàkiri àdúgbò. Kẹ̀kẹ́ bàbá ta ni kò dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún náà? Ẹ̀gbọ́n mi kan náà ṣe tiẹ̀. Ó fì í lẹ́ẹ̀kan, ó dùn ún wò. Ó tún fì í, igi yí padà, ó gbá a níwájú orí, ọ̀gbẹ́ni jókòó sílẹ̀ láìsọ pé àga dà. Bàbá wa wò ó títí, wọ́n ní: "Nǹkan ìjà tí o ò kọ́, ìwọ ló máa kọ́kọ́ jẹ."

Bàbá mi yìí, ẹ má fojú di wọ́n o. Oníṣẹ́ awọ ni wọ́n. Wọ́n rán àpò, wọ́n rán tìmùtìmù, wọ́n sì ń rán àkọ̀ idà fún àwọn olóyè. Wọ́n ní bí ẹnì kan bá mú idà wá kí àwọn wọ̀n ọ́n, ọwọ́ ẹni náà làwọn kọ́kọ́ ń wò. Ẹni tó fún èkù mú pinpin, tó ń yọ idà wò lẹ́ẹ̀mẹwàá kó tó jókòó, kò mọ̀ ọ́n lò. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò á gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́, á sì yí ẹnu rẹ̀ sí ibi tí kò sí èèyàn. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí mo wà lọ́mọdébìnrin. N ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tó máa wúlò fún mi nílé ọkọ.

Kí ni mò ń sọ bọ̀? Ẹn-ẹn, ọmọ alágbẹ̀dẹ.

Ó dìde, ó ń ṣàlàyé. Ó ní nǹkan ìjà mẹ́rin ló gbawájú nínú ohun tí wọ́n ń kọ́: ọ̀pá, ọ̀kọ̀, idà olójú kan àti idà olójú méjì. Ó ní àwọn àgbà Ṣáínà máa ń wí pé ọjọ́ 100 ni èèyàn fi ń kọ́ idà olójú kan, ọjọ́ 1,000 ni ti ọ̀kọ̀, ọjọ́ 10,000 sì ni ti idà olójú méjì. Ìyá onírú ní kí wọ́n bá òun ṣírò ìyẹn. Wọ́n ṣírò rẹ̀, ó lé lọ́dún 27. Ó kígbe, "Ìgbà wo ló máa wá fẹ́yàwó?" Ìyá ọmọ tún bẹ̀rẹ̀ ẹkún tuntun.

Bàbá ọmọ bi í léèrè nígbà náà, ìyẹn nìkan ni gbólóhùn tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn lọ́jọ́ yẹn: "Kí ló dé tó ò kúkú kọ́ ẹ̀ṣẹ́ lásán?" Ọmọ ní òun náà bi olùkọ́ òun bẹ́ẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n sọ ìtàn ọ̀gágun kan fún un, Qi Jiguang, tó bá àwọn olè ojú omi jà ní etíkun Ṣáínà. Ọ̀gágun yìí kọ ìwé kan lọ́dún 1560 lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ogun. Ó ní ẹ̀ṣẹ́ lásán kò tó ogun ńlá jà; iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń sọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ di ohun tó ń gbọ́ràn, kí wọ́n tó wá gbé irin sí i. Ó tún kórìíra gbogbo fífò sókè, yíyí bírí bírí, tí wọ́n fi ń gba àtẹ́wọ́ lójú agbo. Ó ní ìyẹn kì í gba èèyàn là lójú ogun. Mo rántí àwọn tọ́ọ̀gì tó máa ń fi àdá họ ọ̀dà títì nígbà ìbò. Ariwo lásán. Bí ajá bá gbó mọ́ wọn, àdá á bọ́.

Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀gágun yìí ti dùn mọ́ mi jù ni bó ṣe ń to àwọn èèyàn rẹ̀. Méjìlá méjìlá ni. Olórí kan. Méjì gbé apata síwájú. Méjì gbé ọparun gígùn tí wọn ò gé ẹ̀ka rẹ̀ kúrò, kí ọ̀tá má lè ráyè kọjá. Mẹ́rin gbé ọ̀kọ̀. Méjì gbé irin ẹlẹ́nu mẹ́ta. Ẹnì kejìlá ńkọ́? Alásè ni! Mo pàtẹ́wọ́. Mo ní ẹ gbọ́, ẹ gbọ́, ọ̀gágun tó gbọ́n ni. Láti ìgbà tí mo ti ń gbọ́ ìtàn ogun ilẹ̀ yìí, ta ni wọ́n máa ń kà mọ́ ọn lára àwọn tó ń dáná? Ẹni tó ń gbé ọ̀kọ̀ kì í jẹun ni? Ìyá onírú náà gbà fún mi, ó ní ká sọ òótọ́, ọbẹ̀ ogun láìsí irú, ìyẹn gan-an ló ń lé ọmọ ogun sá.

Ọmọ náà ní ìtàn kò tíì tán. Ó ní lọ́dún 1553, àwọn mọ́ǹkì ilé ìsìn Shaolin kó ọ̀pá irin, wọ́n bá àwọn olè ojú omi yẹn jà, wọ́n sì ṣẹ́gun wọn. Àwọn èèyàn mi ń wo ara wọn. Àlùfáà, ọ̀pá irin? Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ pásítọ̀ àwọn Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ lọ́dún 1898, tó fi jẹ́ pé bí o bá ju òkúta, orí ẹni tó máa wàásù lọ́jọ́ Ìsinmi ló máa bà! Bí wọ́n bá lọ há ọ̀pá irin fún gbogbo wọn, ta ló tún máa tòògbé nígbà ìwàásù?

Gbogbo bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín yìí, Bàbá Ọdẹ inú agboolé wa wà lórí àga wọn lábẹ́ igi, wọ́n ń gbọ́. Wọ́n pòṣé. Wọ́n ní, "Ṣé ó ti wá di Ṣáínà ni Ògbómọ̀ṣọ́ ti máa lọ kọ́ nǹkan ìjà?" Bí Bàbá Ọdẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ẹ yáa gbé ìkòkò sọ̀ kalẹ̀ lórí iná.

Wọ́n ní bí àwọn baba ṣe pa á fún wọn, ọdẹ márùn-ún ló kọ́kọ́ dó sí ilẹ̀ yìí. Oníkálukú ń gbé ibi tiẹ̀, kò mọ̀ pé ẹlòmíì wà nítòsí, àfìgbà tí wọ́n ń rí èéfín iná ara wọn. Wọ́n tọ èéfín lọ, wọ́n mọra, wọ́n dá ẹgbẹ́ ọdẹ sílẹ̀. Ògúnlọlá wà lára wọn, ọlọ́fà sì ni. Ògúnlọlá yìí wá ṣẹ̀, wọ́n mú un lọ s'Ọ̀yọ́ Ilé lọ́dọ̀ Aláàfin, wọ́n dá a dúró síbẹ̀. Ní àkókò kan náà, ọlọ̀tẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ti gbé ogun dé, ọfà rẹ̀ ń pa wọ́n, àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́ ò rí i ṣe. Ẹlẹ́wọ̀n ní kí wọ́n jẹ́ kóun lọ bá a. Ó lọ. Ó ta Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ lọ́fà, ó gé orí rẹ̀, ó gbé e wá síwájú Aláàfin. Aláàfin tú u sílẹ̀, ó padà sílé, ìdílé rẹ̀ ló sì ń jẹ Sọ̀ún, ọba Ògbómọ̀ṣọ́, títí dòní.

"Ó yá," ni Bàbá Ọdẹ wí, "ṣé ọjọ́ tí wọ́n tì í mọ́lé ló kọ́ ọfà?" Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Wọ́n ní: "Ọjọ́ tí a nílò rẹ̀ kọ́ là ń kọ́ ọ. Àwọn baba wa ló ní bí ọwọ́ ọmọdé kò bá tíì tẹ èkù idà, kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀. Ẹ̀yin rò pé ìbẹ̀rù ni wọ́n ń kọ́ ọmọ. Rárá. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ lọ kọ́. Kó tó kọ́ ọ tán, inú tó ń bí i á ti rọ̀, ojú rẹ̀ á ti là, á lè wádìí ọ̀rọ̀ kó tó gbẹ̀san."

Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, n ò lè jẹ́ kí Ògbómọ̀ṣọ́ gbé gbogbo iyì lọ. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ kú ìtàn. Ta wá ni Ògúnlọlá gbé orí náà lọ fún?" Wọ́n dákẹ́. Mo ní Ọ̀yọ́ ni, àbí? Ọ̀yọ́ tó ní Ẹ̀ṣọ́ 70! Ẹ̀ṣọ́, àwọn jagunjagun Aláàfin, kì í ṣe ọmọ kékeré o. Òfin wọn ni pé iwájú ni ọgbẹ́ Ẹ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ wà. Èyí tí wọ́n bá ta lọ́fà lẹ́yìn, kí ló ń wá tó fi kẹ̀yìn sógun? Ẹ ro ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n á ti gbà kí ọkùnrin tó lè dúró bẹ́ẹ̀.

Lórí gbogbo Ẹ̀ṣọ́ wá ni Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò wà. Gbẹ́rẹ́ 201 ni wọ́n ń sín sí i lórí, abẹ tí wọ́n fi ń sín in sì jẹ́ 201. Ó ń dé fìlà ìyẹ́ ayékòótọ́, ó ń sán awọ ẹkùn, awọ ẹkùn náà ló sì ń jókòó lé. Ó wá kù kí ẹ gbọ́ ohun tó ń gbé lọ sójú ogun. Ọ̀pá! Olórí gbogbo ológun ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pá tí ọba fún un nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wẹ̀yìn, mo rí ọmọ alágbẹ̀dẹ tó ń rọra gbé ọ̀pá tiẹ̀ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní ìwọ, sọ ọ́ kalẹ̀, wọn ò tíì sín ẹ ní ọ̀kan.

Bàbá Ọdẹ ní kí n má gbàgbé pé nínú Kakaǹfò 15 tó ti jẹ, Ògbómọ̀ṣọ́ ní mẹ́ta: Tóyèjẹ, Òjó Aburúmákù ọmọ Tóyèjẹ, àti Ládòkè Akíntọ́lá tí àwọn sójà pa ní Ìbàdàn ní January 15, 1966. Mo ní òótọ́ ni, Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ má sáré kọjá lórí Aburúmákù. Ẹ jẹ́ ká sọ tiẹ̀ lójú ọmọ yìí. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1921. Láyé Aburúmákù, ogun ò sí níta. Kakaǹfò sì rèé, ara ń yún un. Kí ló ṣe? Ó dá rúkèrúdò sílẹ̀ nílé, láàárín ìlú níbí, ó sì tún fi tagbáratagbára pa iná tó fúnra rẹ̀ dá! Ẹ ò rí nǹkan? Ara ẹni tó mọ ìjà, tí kò mọ ìsinmi, ilé ló máa fi gbóná.

Ẹ̀rín pa wá. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín, ó ń ronú. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú.

Bẹ́ẹ̀ ni o, èmi náà lọ síbi oyè Kakaǹfò kẹẹ̀ẹ́dógún. January 13, 2018 ni, nígbà tí Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta fi Gani Adams joyè l'Ọ̀yọ́. Ẹ má bi mí bóyá wọ́n fìwé pè mí. Ta ni wọ́n ń fìwé pè lọ sí ìlú tí wọ́n ti bí i? Èrò pọ̀ débi pé gèlè mi ṣíwájú mi dé ẹnu ọ̀nà. Aláàfin yẹn fúnra wọn, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, láti 1970 tí wọ́n ti gorí ìtẹ́ títí wọ́n fi wàjà ní 2022, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Ọba ni wọ́n o, wọ́n ṣì ń mú ara gírí. Ìwọ tó o jẹ́ ọmọ ọdún 30, tó ò lè gun àtẹ̀gùn kan láìmí hẹlẹ-hẹlẹ, kí lo fẹ́ wí?

Níbi tí mo ti ń sọ ti Ọ̀yọ́ lọ́wọ́, ọmọ náà bi mí léèrè bóyá mo ti rí ẹni tó ń jó pẹ̀lú nǹkan ìjà rí. Ó ní ní Ṣáínà, wọ́n ní ètò ẹsẹ̀ àti ọwọ́ tí wọ́n ń tò tẹ̀ lé ara wọn, taolu ni wọ́n ń pè é, èèyàn kan ṣoṣo á mú idà, á ṣe é látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ìgbà téèyàn ń jó. Mo ní ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti dé ọdún Ṣàngó l'Ọ̀yọ́ rí? Ẹlẹ́gùn bọ́ sójú agbo, oṣé wà lọ́wọ́ rẹ̀, bàtá ń dún. Oṣé á lọ sókè, á bọ̀ wálẹ̀, á yí lọ́rùn ọwọ́, á dé iwájú ojú ọmọdé kan, á dúró gbọin, kò ní kan ọmọ. Ta ló kọ́ ọwọ́ yẹn ní ìdúró? Ilẹ̀ ló mọ́ tó mọ̀ ọ́n ni? Ìlù ń pàṣẹ, ẹsẹ̀ ń gbọ́, oṣé ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀. Tiwa náà ní ètò, bàtá ló mú un dání. Lọ́dún 2023, UNESCO kọ ọdún Ṣàngó Ọ̀yọ́ mọ́ àwọn àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Àwọn ará òkèèrè ti rí i. Àwa tó wà nídìí rẹ̀ ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Ìyá onírú ò fara mọ́ gbogbo èyí. Ó ní, "Ẹ̀yin ń sọ ọ̀pá, ẹ̀ ń sọ oṣé. Ìbọn wà o! Kí ni ọ̀pá fẹ́ ṣe fún ìbọn?" Ọ̀rọ̀ náà ní láárí. Bàbá Ọdẹ gan-an gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ogun Kírìjì tí wọ́n jà láti 1877 títí di 1893, ìbọn ló sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí àwọn Èkìtì Parapọ̀ rí ìbọn ìgbàlódé gbà, àwọn Ìbàdàn tó gbọ́kàn lé ṣàkábùlà mọ̀ pé ayé ti yí. Láti ìgbà ìbọn sì ni ọ̀pọ̀ ilé ọdẹ ti gbé ọrun kọ́ sára ògiri. Ọsán já, ọrun dọ̀pá. A fẹ́ẹ̀ tú ká. Gbogbo wa gbà pé Ìyá onírú ló borí, òun náà sì mọ̀, ó ti ń na ọrùn.

Àfi bí ìjà ṣe bẹ́ nínú ọ̀sẹ̀ yẹn náà.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Ọmọ ìyá méjì ni, agboolé kejì sí tiwa, n ò ní dárúkọ, ẹni tó bá mọ̀ wọ́n mọ̀ wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ti ta ilẹ̀ bàbá wọn ní kọ̀rọ̀, àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di èpè, àbúrò sáré wọlé, ó yọ àdá jáde. Ẹ̀gbọ́n, dípò kó sá, ó ṣí àyà sílẹ̀, ó ní, "Ṣá mi! Bó o bá jẹ́ ọkùnrin, ṣá mi!" Kí ló máa ń ṣe àwọn ọkùnrin gan-an? Ṣé ẹnì kan ń gba àbọ̀ owó ilẹ̀ lọ́run ni? Àwa obìnrin fi ariwo bọ ẹnu. Àwọn géńdé tó wà níbẹ̀ ní àwọn ń lọ pe ọlọ́pàá. Gbogbo wọn pátá ló lọ pè é. Kò ku ẹyọ kan.

Ọmọ alágbẹ̀dẹ bọ́ sáàárín pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Kò pariwo. Kò na ẹnikẹ́ni. Ó kàn na orí ọ̀pá sí ọ̀gangan àyà àbúrò, ó dúró. Àbúrò yà sọ́tùn-ún, orí ọ̀pá ti wà níbẹ̀. Ó yà sósì, orí ọ̀pá ti ṣáájú rẹ̀ dé. Ó rọ́ síwájú, ọmọ fà sẹ́yìn níwọ̀n ìṣísẹ̀ kan. Àlàfo tó wà láàárín wọn kò dín, kò lé, àdá ò sì tó o. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́," ni ọmọ náà ń wí, "ẹ jọ̀ọ́, sà." Ó ń fi "ẹ jọ̀ọ́" dè é bí ó ṣe ń fi ọ̀pá dè é. Ó pẹ́ díẹ̀, ọkùnrin wa bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, apá ń rẹ̀ ẹ́. Ibi tó ti ń fò kiri yẹn ni okùn ṣòkòtò rẹ̀ já. Ẹ ò rí i? Ọwọ́ kan ò lè di kẹ̀ǹbẹ̀ ọ̀hún mú, ó fẹ̀ jù. Ó wá di dandan kó mú ọ̀kan, àdá tàbí ṣòkòtò. Gbogbo wa ń wò ó. Ó mú ṣòkòtò. Àdá bọ́ sílẹ̀, ọmọ alágbẹ̀dẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìjà parí. Nígbà tí àwọn géńdé fi máa padà dé láìsí ọlọ́pàá kankan, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti jókòó, wọ́n ń sunkún ikú bàbá wọn.

Bàbá Ọdẹ pe ọmọ náà lálẹ́. Wọ́n ní, "Mo rí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ fún ẹ. Ó tó ìgbà mélòó kan. Kí ló dé tó ò nà án?" Ọmọ ní, "Bàbá, ó dá mi lójú pé mo lè nà án. Ìyẹn ni mi ò ṣe nà án." Bàbá Ọdẹ ò sọ nǹkan kan mọ́. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọ́n lọ gbé ọrun tó ti wà lára ògiri láti ayé bàbá wọn, wọ́n ní kí alágbẹ̀dẹ bá àwọn rọ ẹnu ọfà tí kò ní mú, wọ́n ní kí n fún àwọn ní àpò àgbàdo tó ti gbó.

Èsì fún Ìyá onírú nìyẹn. Ìbọn ò lè làjà láàárín ọmọ ìyá. Ìbọn mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró lágbede méjì. Ẹni tó kọ́ ọ̀pá mọ ibi tí ọwọ́ òun dé, ó mọ ibi tí tẹnìkejì dé, ó sì lè wà láàárín méjèèjì láìta ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ìjà tó pọ̀ jù nílùú yìí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ obìnrin ni, ọ̀rọ̀ ìdí kànga ni. Mélòó nínú wọn ló nílò ìbọn?

Ẹ wá wo agboolé wa báyìí lẹ́yìn ìrun alásàárì. Bàbá Ọdẹ ti fi kóríko kún àpò àgbàdo mi, wọ́n gbé e ti ògiri, àwọn ọmọ tò. Òfin wà: ẹnì kan kì í fa ọsán bí ẹnì kan bá wà níwájú, ẹni tó bá nawọ́ ọfà séèyàn, kódà kó jẹ́ eré, á gbálẹ̀ agboolé fún ọ̀sẹ̀ kan. Agboolé wa ò mọ́ tó báyìí rí. Ọmọ-ọmọ Ìyá onírú, ọmọbìnrin kékeré tí wọ́n ní kó má dé ibẹ̀, òun ló ń ta á já jù. Láti ìgbà náà ni Ìyá onírú ti ń sọ fún gbogbo ọjà pé òun lòun ní kí ọmọ alágbẹ̀dẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀pá ní àkọ́kọ́. Òun náà sì ti mú ọmọrogùn kan, ó ń bá wọn ju apá nítorí orúnkún tó ń dùn ún. Ó lóun gbọ́ pé àwọn ìyá arúgbó Ṣáínà máa ń fi idà jó nínú ọgbà láàárọ̀ kí ara wọn lè máa yá. Òótọ́ ni, wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n ò tíì gbọ́ pé ẹnì kan ń fi ọmọrogùn ṣe é, tó sì tún ń fi ọmọrogùn kan náà ro àmàlà lálẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ ẹ̀yin òbí nìyí. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní January 2020, ta ni wọ́n wá lọ sílé? Àwọn ọdẹ ni. A máa ń rántí wọn nígbà tí ìlú bá gbóná, ìgbà tí ìlú bá tutù ló yẹ kí wọ́n máa kọ́ ọmọ. Bàbá ọdẹ wà ní agboolé yín. Ẹni tó mọ oṣé í jó wà l'Ọ̀yọ́. Ẹ mú ọmọ lọ bá wọn kí wọ́n tó kú tán. Bó sì jẹ́ ti Ṣáínà ni ọmọ yín bá rí olùkọ́ rẹ̀, ẹ má sunkún. Ẹ bi í ohun tí olùkọ́ sọ nípa ìgbà tí kò gbọ́dọ̀ nà. Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ẹni tí kò bá sì ráyè kọ́ ọ rárá, kó fi àdá sílẹ̀ fún oko, kó fi ọ̀bẹ sílẹ̀ fún ilé ìdáná. Ẹ fún ọmọ ní olùkọ́ kí ó tó fún ara rẹ̀ ní àdá.